Gbólóhùn Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ẹ̀tọ́ Ìbọn Gbígbé Níwájú Àwọn Adájọ́ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ètò yìí yóò fi ré kọjá òkun lónìí, tí yóò dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti wo ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń fa awuyewuye láàrin àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí ó sì ti dé iwájú àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní in? Bí ó bá sì ní in, ṣé inú ilé rẹ̀ nìkan ni yóò fi í mọ ni, tàbí ó lè fi há ìbàdí jáde lọ sí ọjà àti ìgboro?

Ní Nàìjíríà, ìdáhùn ìbéèrè yìí kò ṣòro. Kò sí ibì kan nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 tí ó sọ pé ìbọn níní jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ìbọn tí ó ti wà láti ọdún 1959 ni ó ń darí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí òfin ọ̀hún sì sọ ni pé ìwé àṣẹ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà. Ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni ìbọn níní jẹ́ níhìn-ín. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n kà á sí ní Amẹ́ríkà, ibi tí ìyàtọ̀ náà sì ti wá ni gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè, tàbí tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, kò ní pẹ́ rí i pé ìjà tí ó dà bí ìjà ìbọn yìí, ìjà lórí bí a ti í ka gbólóhùn ni ní ìpìlẹ̀, àti pé ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ lórí bí a bá ṣe kà á.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1791 ni àtúnṣe mẹ́wàá wọ inú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà. Èkejì nínú wọn ni ti ìbọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ báyìí: Níwọ̀n bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú tí a tò dáradára ti jẹ́ kòṣeémánìí fún ààbò ìpínlẹ̀ tí ó wà lómìnira, ẹ̀tọ́ tí àwọn ènìyàn ní láti ní ohun ìjà nípamọ́ àti láti gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàpá sí i.

Ẹ wo bí gbólóhùn náà ti là sí méjì. Apá kìíní jẹ́ awẹ́-gbólóhùn afarahẹ. Ó ń sọ ìdí. Apá kejì ni olórí awẹ́-gbólóhùn; òun ni ó pa àṣẹ. A máa ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé pé afarahẹ kò lè dá dúró láìsí olórí. Ohun tí a kì í sábà kọ́ wọn ni bóyá afarahẹ lè de olórí rẹ̀ lọ́wọ́. Ká ní ọ̀gá ilé-ìwé kan kọ ọ́ sára pátákó pé, níwọ̀n bí òjò ti ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde. Òjò dá ní agogo méjì. Ǹjẹ́ àṣẹ náà ṣì múlẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ní ìdí ti tán, àṣẹ ti tán. Òmíràn yóò ní ọ̀gá kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Irú àríyànjiyàn yìí gan-an ni ó wà láàrin àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú ni òfin náà ń sọ, àti pé níwọ̀n bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ti sí mọ́ bí ó ti wà láyé ọjọ́un, kò sí ohun tí ó kan ìbọn inú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kejì ní ìdí kan péré ni apá kìíní dárúkọ. Àwọn ènìyàn ni apá kejì fún ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Kí ni ó mú kí àwọn tí ó kọ òfin náà da ọ̀rọ̀ ọmọ ogun pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn? Ohun tí ojú wọn rí ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1775, àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì jáde láti Boston lọ sí Concord láti lọ kó ohun ìjà tí àwọn ará ìlú tọ́jú pamọ́ síbẹ̀. Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lexington àti ní Concord lọ́jọ́ náà ni ogun òmìnira fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́-ọwọ́ ni àwọn tí ó dojú kọ ọmọ ogun ọba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì gbé ìbọn ti ara rẹ̀ wá láti ilé. Nígbà tí ogun parí, ẹ̀rù ológun tí ìjọba ń sanwó fún, tí kì í túká lọ sóko lẹ́yìn ogun, kò tán lára wọn. Wọ́n tún rántí òfin ọdún 1689 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó gba àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì láyè láti ní ohun ìjà gẹ́gẹ́ bí ipò olúkúlùkù bá ti rí àti bí òfin bá ti gbà.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀, ìyẹn gbé. Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì gbà ń lò ó pẹ̀lú ohun ìjà. Èkínní ni kí ènìyàn kàn mú un lọ́wọ́ tàbí kí ó fi kọ́ ara. Èkejì jẹ́ àkànlò èdè, ó sì súnmọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní dídìhámọ́ra ogun. Ọdẹ tí ó gbé ìbọn lọ sínú igbó lálẹ́ kò dìhámọ́ra ogun. Ẹran ni ó ń wá. Ní ọdún 1840, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Tennessee gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aymette, tí ó fi ọ̀bẹ ńlá pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ ṣàlàyé pé bí ọkùnrin kan bá ń fi ìbọn lépa àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ó ti gbé ohun ìjà ní ìtumọ̀ ti òfin. Àlàyé tí ó ṣe kedere ni. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ òní ì bá ti parí síbí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú gbólóhùn náà tí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi ju ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ènìyàn. Àwọn ènìyàn wo? Ní ọdún 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, ọkùnrin dúdú tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira rẹ̀, Roger Taney tí ó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà sọ pé ènìyàn dúdú kò lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ó ka ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbà pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n: wọn yóò lè sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọn yóò lè pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ìlú, wọn yóò sì lè ní ohun ìjà, kí wọ́n gbé e lọ sí ibikíbi tí ó bá wù wọ́n. Ohun tí kò ṣeé gbọ́ sétí ni èyí lójú rẹ̀. Lónìí, àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìbọn a máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Taney yìí láti fi hàn pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ènìyàn kà á sí láyé ìgbà náà. Ẹ̀rí burúkú láti ẹnu adájọ́ burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà ni.

Ogun abẹ́lé jà, ó parí ní 1865, a sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ Mississippi ṣòfin pé ẹrú tí a dá sílẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba, kò gbọdọ̀ ní ìbọn àfi bí ìgbìmọ̀ àgbègbè rẹ̀ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ẹni tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe Kẹrìnlá ti ọdún 1868 wá láti fòpin sí irú òfin báwọ̀nyí: ó ní ẹnikẹ́ni tí a bá bí sí Amẹ́ríkà, ọmọ ibẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1873, ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ funfun tí ó dìhámọ́ra pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú ní ilé-ẹjọ́ ìlú Colfax, ní Louisiana. Ìjọba àpapọ̀ pe àwọn kan nínú apànìyàn náà lẹ́jọ́. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n gba ẹ̀tọ́ ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n pa. Ní 1876, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ náà nù. Ó ní Àtúnṣe Kejì de ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́; bí aládùúgbò bá gba ìbọn rẹ, ìpínlẹ̀ rẹ ni kí o sá tọ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ náà sì nìyẹn!

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, wọ́n ju àdó olóró sí ilé Àlùfáà Martin Luther King ní Montgomery, ní Alabama, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọwọ́ wà nínú ilé. King béèrè fún ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò fún un. Bí ẹni tí a ju àdó olóró sí ilé rẹ̀ kò bá ní ìdí tí ó tó, ta ni yóò ní in? Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1967, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Black Panther gbé ìbọn wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ California ní Sacramento láti ta ko àbá òfin kan. Kò pẹ́ rárá tí àbá náà fi di òfin. Gómìnà Ronald Reagan ni ó buwọ́ lù ú, òfin náà sì ka gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní ìgboro léèwọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan lórí ìtumọ̀ Àtúnṣe Kejì. Ẹ̀ẹ̀kan tí ó là á ni ọdún 1939, nínú ẹjọ́ àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé ìbọn tí a gé ẹnu rẹ̀ kúrú kọjá láti Oklahoma sí Arkansas. Ó ní òun kò rí ẹ̀rí pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú tan. Agbẹjọ́rò kankan kò wá sọ̀rọ̀ fún àwọn olùjẹ́jọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ náà. Orí ìdájọ́ yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ kéékèèké sì jókòó sí fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Ìlú Washington, tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà, ni ìyípadà ti dé. Ní 1976, ìgbìmọ̀ ìlú náà, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ṣòfin pé ará ìlú kò gbọdọ̀ ní ìbọn ìléwọ́ tuntun, kódà nínú ilé. Kì í ṣe ìkórìíra ni ó sún wọn ṣe é. Òkú ọmọ wọn tí wọ́n ń sin ni. Dick Heller, tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ń gbé ìbọn ṣọ́ ilé ìjọba lọ́sàn-án, tí kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀ lóru, pe ìlú lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2008, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin. Antonin Scalia ni ó kọ ìdájọ́ náà.

Ìdájọ́ yìí jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè yẹ kí ó kà, yálà ó gbà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kò gbà, nítorí ojú ìwé lórí ojú ìwé ni adájọ́ náà fi ń tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Ó ní afarahẹ lè sọ ìdí, kò lè dín olórí kù. Ó ní àwọn ènìyàn túmọ̀ sí gbogbo ọmọ ilẹ̀. Ní ti gbé, ó wá ẹlẹ́rìí láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní ọdún 1998, ilé-ẹjọ́ kan náà ti jiyàn lórí ẹni tí ó ta oògùn olóró, tí ìbọn rẹ̀ sì wà ní títìpa nínú ọkọ̀ rẹ̀: ṣé ó gbé ìbọn ni, tàbí kò gbé e? Adájọ́ Ruth Ginsburg sọ nígbà náà pé kí ènìyàn gbé ìbọn ni kí ó wà lára rẹ̀, kí ó lè fà á yọ bí ìjà bá dé, ó sì fi Àtúnṣe Kejì ṣe àpẹẹrẹ. Scalia mú ọ̀rọ̀ Ginsburg yìí, ó fi kọ́ ilé tirẹ̀. Ginsburg ńkọ́? Ó wà láàrin àwọn mẹ́rin tí ó ta ko ìdájọ́ náà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mẹ́ta kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dennis Baron ti Yunifásítì Illinois jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ ṣáájú pé àkànlò èdè ológun ni gbólóhùn náà. Adájọ́ John Paul Stevens gbà pẹ̀lú wọn nínú àtakò rẹ̀. Scalia kò gbà. Lẹ́yìn ìdájọ́ náà ni àwọn olùwádìí wá fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ayé ọjọ́un wò, tí wọ́n sì rí i pé níbi tí ó pọ̀ jù lọ, ọ̀rọ̀ ogun ni àwọn ènìyàn fi í sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a sọ pé ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ ìwé atúmọ̀ èdè yóò ti mọ̀. Scalia fúnra rẹ̀ sì fi ààlà sí i: ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀daràn àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì lè kà á léèwọ̀ ní ilé-ìwé àti ilé ìjọba.

Ìlú Washington kì í ṣe ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹjọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wá. Chicago ni ó ti wá. Otis McDonald, bàbá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Louisiana, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni ó fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́ nítorí pé àwọn olè ti fọ́ ilé rẹ̀ léraléra. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2010, márùn-ún tún borí mẹ́rin. Adájọ́ Samuel Alito ní Àtúnṣe Kẹrìnlá ti gbé Àtúnṣe Kejì ka orí ìpínlẹ̀ gbogbo. Adájọ́ Clarence Thomas, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dá kọ tirẹ̀, ó sì lo ojú ìwé púpọ̀ lórí Colfax àti àwọn tí a pa níbẹ̀. Ó ní ìdájọ́ ọdún 1876 náà kò yẹ ní ohun tí à ń tẹ̀lé mọ́.

Títí di ìgbà yìí, inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgboro ni ó kù. Láti 1911 ni ìpínlẹ̀ New York ti ní òfin pé ẹni tí yóò bá gbé ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ; lẹ́yìn náà ni ó tún ní ẹni tí ó bá fẹ́ máa gbé e káàkiri láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdí pàtàkì hàn, ìdí tí ó yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù tí ó ń ba gbogbo ará àdúgbò. Ẹni tí ń gbé níbi tí ewu wà kò tíì ní ìdí nìyẹn, nítorí pé ewu aládùúgbò rẹ̀ náà ni. Ní Vermont tí ó bá New York pààlà, ènìyàn kò gba ìwé àṣẹ kankan rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Bruen, adájọ́ mẹ́fà borí mẹ́ta, wọ́n sì fagi lé òfin New York. Thomas ni ó kọ ọ́. Ó ní kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó tó lò ó.

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ìdájọ́ náà kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Ẹgbẹ́ oníbọn wà níbẹ̀, bí a ti retí. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò tí ń gbèjà àwọn tálákà ní New York náà kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Latin Amẹ́ríkà ni òfin náà ń kó sẹ́wọ̀n jù. Ní òdìkejì, Adájọ́ Stephen Breyer bẹ̀rẹ̀ àtakò rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà òkú: ní ọdún 2020, ìbọn pa 45,222 ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ìdajì nínú wọn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún ìdájọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ti yìnbọn pa aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá ní ilé ìtajà ní Buffalo, ní New York kan náà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni òmíràn pa ọmọ ilé-ìwé mọ́kàndínlógún àti olùkọ́ méjì ní Uvalde, ní Texas. Alito béèrè lọ́wọ́ Breyer bóyá òfin New York dá apànìyàn Buffalo dúró. Kò dá a dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò tán ọ̀rọ̀, nítorí òfin tí kò dá apànìyàn kan dúró lè ti dá òmíràn dúró tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ láé.

Ohun tí ó lágbára jù nínú ìdájọ́ Bruen ni ọ̀nà tí ó là sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ a máa gbé ẹ̀tọ́ oníbọn àti ààbò ìlú sórí òṣùwọ̀n. Thomas ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n jù sílẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kí òfin ìbọn kan dúró, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó bá àṣà òfin ìbọn ayé àtijọ́ mu. Adájọ́ wá di òpìtàn. Òfin Northampton ti ọdún 1328, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìhámọ́ra lọ sí ọjà, di ohun tí lọ́yà ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: apá kan ní ó kà á léèwọ̀ pátápátá, apá kejì ní ẹni tí ó bá fi ń dẹ́rù ba ìlú nìkan ni ó ń bá wí.

Ibi tí èyí lè gbé ènìyàn dé hàn nínú ọ̀rọ̀ Zackey Rahimi, ará Texas. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó wọ́ obìnrin tí ó bí ọmọ fún un nílẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì yìnbọn nígbà tí ó rí i pé ẹnì kan ń wò ó. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ó jìnnà sí obìnrin náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1994 ní ẹni tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Rahimi ní in, ó sì ń yìn ín kiri. Síbẹ̀, ní 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àgbègbè náà fagi lé òfin ọ̀hún, nítorí pé wọn kò rí òfin tí ó jọ ọ́ láyé àwọn tí ó kọ Àtúnṣe Kejì. Báwo ni wọn yóò ṣe rí i? Ọkọ tí ó lu aya rẹ̀ láyé náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni bi í. Obìnrin kò sí nínú àwọn tí ó dìbò fún òfin, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí a kò pè sí ìpàdé, báwo ni a ó ṣe rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí ìdájọ́ náà padà, mẹ́jọ sí ọ̀kan. John Roberts, olórí àwọn adájọ́, ní kì í ṣe pé kí òfin òní jẹ́ ìbejì òfin àná. Bí ìlànà wọn bá ti jọra, ó tó. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń halẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì lè rí i kí adájọ́ ní kí ó wá onídùúró, ẹni tí ó bá sì gbé ohun ìjà káàkiri láti dẹ́rù ba ènìyàn lè pàdánù rẹ̀. Thomas, tí ó kọ Bruen, nìkan ni kò gbà. Adájọ́ Ketanji Brown Jackson fara mọ́ ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ka ìṣòro tí àwọn ilé-ẹjọ́ kéékèèké ti kó sí láti ìgbà tí a ti sọ wọ́n di olùwá-ìtàn. Kò sí àní-àní pé òótọ́ ni ó sọ. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní ìdajì nínú àádọ́ta ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí àgbàlagbà ti lè gbé ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ bíi New York àti Hawaii mú ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń to orúkọ àwọn ibi tí ìbọn kò gbọdọ̀ wọ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Òfin Hawaii ti ọdún 2023 lọ jìnnà ju èyí lọ. Ó ní ẹni tí ó gbé ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé ìtajà, ilé oúnjẹ tàbí ilẹ̀ ẹlòmíràn àfi bí onílé bá kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé ó lè wọlé. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà fún Hawaii ní 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì gbà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀rí àtijọ́ ni kálukú gbọ́dọ̀ mú wá, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti rí méjì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀kan ni òfin New Jersey ti 1771. Èkejì ni òfin Louisiana ti ọdún 1865, ọdún tí a dá ẹrú sílẹ̀, òfin tí ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ oko ẹlòmíràn láìgba àṣẹ olóko. Àwọn tí ó gbèjà Hawaii ní òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ara kankan. Lóòótọ́, kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ní oko ní Louisiana lọ́dún náà, àti àwọn tí ń gbé inú oko wọn, mọ ẹni tí ó ń bá wí.